Ọdún Tí Yèyé Ṣe Àmín sí Dùùrù

Títí di òní, bí mo bá jókòó sídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọwọ́ ọ̀tún mi bá fẹ́ máa sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, ohùn ìyá bàbá mi ni mo máa ń gbọ́. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Kò fọwọ́ kan dùùrù rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó kọ́ mi ní jáàsì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kọ́áyà mi, wọ́n á máa fi ìgúnpá gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́run ni ọpẹ́ ọdún yẹn tọ́ sí, n kò sì tíì dá a tó.

Ilé wa ní Ọ̀wọ̀ kì í dákẹ́. A ó máa fi igi fa kòkó tí a sá sí àgbàlá, ṣàà, ṣàà. Ewúrẹ́ á máa ké lẹ́yìn ilé ìdáná. Bó bá di ọ̀sán, odó á gbà á lẹ́nu wọn, nítorí bàbá mi kò ka oúnjẹ kankan sí oúnjẹ lẹ́yìn iyán. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ariwo wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀, aago ọwọ́ kékeré kan ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá mi ló máa ń mì ín, kí gbogbo wa lè wá sí pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá mi, òun náà ni ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń darí kọ́áyà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí a ń lọ. Inú ìwé ni ó ti máa ń ka àdúrà. Kì í fo ọ̀rọ̀ kan, kì í fi ọ̀rọ̀ kan kún un, Yorùbá rẹ̀ á sì dán bí ẹ̀wù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bó bá parí, á yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Yèyé, ẹ fi àdúrà kan kádìí ẹ̀ fún wa. Kan péré o."

Kan péré! Yèyé á bẹ̀rẹ̀ láti orí sáàmù kan tí gbogbo wa mọ̀ sórí, sáàmù kan náà lójoojúmọ́, kò sì ní rìn jìnnà kó tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Èdè Ọ̀wọ̀ ni yóò bọ́ sí, ó ní Ọlọ́run tó dá òun sí Ọ̀wọ̀ kò lè ṣàìgbọ́ ọ. Á gba oko wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kọjá, á gbàdúrà fún kòkó, fún iṣu, fún ọlọ́kadà tí yóò gbé iṣu náà wálé. Á dé orí eyín ìyá mi tó ń dùn ún. Á lọ sí Imeri lọ wo àbúrò rẹ̀ obìnrin. Á padà wá bá ewúrẹ́ tó sọnù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á dúró díẹ̀ fún wa kí a ṣe Àmín. Bí Àmín wa kò bá lágbára, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ, á gbé e gba ọ̀nà mìíràn, á fi ohùn sókè sí i, títí Àmín á fi jáde bó ṣe yẹ. Nígbà tí a bá rò pé ó ti sọnù pátápátá, ṣe ni yóò ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan, a ó sì bá ara wa lórí sáàmù tí ó fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé ara rẹ̀.

"Yèyé," ìyá mi á sọ, "tíì ti tutù o."

"Ọlọ́run á tún un gbóná fún ẹ, aya mi. Ẹ ṣe Àmín."

"Àmín," a ó sì máa rẹ́rìn-ín lọ sídìí búrẹ́dì àti àkàrà wa.

Pálọ̀ yẹn kan náà ni dùùrù wa wà. Ti àwọn míṣọ́n àtijọ́ ni. Nígbà tí ìjọ ra tuntun, wọ́n gbé ògbólógbòó náà fún bàbá mi. Ó gbé e ka orí pẹpẹ pákó kan, ó sì ti agolo sàdíìnì sábẹ́ ẹsẹ̀ pẹpẹ náà, a máa ń bu kẹrosíìnì sínú agolo kí ikán má baà gòkè. Èmi ni mo ń bu kẹrosíìnì. Bàbá mi ló kọ́ mi ní títẹ̀, hímù ni mo sì mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àyàfi pé bí mo bá fi ìka kan kún èyí tó wà nínú ìwé, á kan orí tábìlì. "Títí! Ẹni tó kọ orin yẹn kò sùn nígbà tó ń kọ ọ́. Ohun tó kọ ni kí o tẹ̀."

Ọdún yẹn ni Bọ̀dá Délé, àbúrò bàbá mi, padà wálé láti Èkó. Ó ti ń tẹ dùùrù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ó bá ọ̀sán wọlé tòun ti báàgì kan àti kásẹ́ẹ̀tì kún páálí, ó dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, ó jẹ iyán, ó fọ ọwọ́, ó sì jókòó sídìí dùùrù. Mo wà lágbàlá, mò ń yí kòkó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́? Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, orin àtijọ́ tí gbogbo oníjáàsì mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí ẹni tí òjò ká mọ́ ojú títì. Ọwọ́ òsì ń rìn kíákíá láì dúró, ọwọ́ ọ̀tún ń fò, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń bú sẹ́rìn-ín. Mo ju igi kòkó sílẹ̀. Mo sáré wọ pálọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún ìdọ̀tí kòkó, n kò rántí pé ìyá mi ti nu ilẹ̀. Dùùrù wa nìyí? Dùùrù tí mo ń bu kẹrosíìnì sí nídìí, gbogbo èyí ló wà nínú ẹ̀ tí kò sọ fún mi?

"Bọ̀dá Délé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Díẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kọ. Ìyókù, ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ló ń dá a sílẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Báyìí báyìí. Bó ṣe ń lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fọ abọ́ tán, ìdí dùùrù ni mò ń lọ. Bó ṣe là á yé mi kò le. A ó kọ́kọ́ tẹ orin náà bó ṣe wà, kí ará ilé lè mọ ibi tí a ti gbéra. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ òsì á máa tọ ọ̀nà kan náà yẹn lọ, kò gbọdọ̀ ṣìnà, kò gbọdọ̀ dúró. Ọwọ́ ọ̀tún á sì kúrò nílé, á máa sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tẹ́rùn, á padà, a ó sì tún tẹ orin náà bí a ṣe fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ òsì kí oṣù tó parí. Ti ọwọ́ ọ̀tún ló ṣòro. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ́tí sí Bọ̀dá Délé, mo há ohun tí òun ń dá sílẹ̀ sórí, ìka sí ìka, bí ẹni há àkọ́sórí Bíbélì. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún un, mo rò pé yóò gbé mi sókè. Ó kàn ń wò mí ni.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi nìyẹn. Ìwọ dà?"

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ, sà."

"Irọ́ ni! Ìwọ tí ẹnu ẹ kì í dákẹ́ nílé ìdáná?"

Àlùfáà wa ló gbé ọ̀rọ̀ orin náà dé gbangba. Ó wá kí Yèyé nírọ̀lẹ́ kan, ó bá mi nídìí orin náà, ó sì ń mi orí títí mo fi parí. Ó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ níbi ìkórè àwọn ọmọdé, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú bàbá mi yí padà.

"Orin hòtẹ́ẹ̀lì, sà? Níwájú ìjọ?"

"Ọ̀rọ̀ burúkú kan wà nínú rẹ̀ ni?"

"Kò ní ọ̀rọ̀ rárá, sà."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi yin Ọlọ́run nígbà náà."

Bàbá mi kò bá àlùfáà jiyàn. Nígbà tí àlùfáà lọ tán ni ó pe èmi àti Bọ̀dá Délé. Gbọ̀ngàn kò ní dùùrù, tiwa ni wọn yóò gbé lọ. "Mo ti gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì. Bí orin yìí bá dàrú níwájú ìjọ, dùùrù yìí kò ní padà wálé mọ́. Gbọ̀ngàn ni yóò wà, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ mi, hímù nìkan ni yóò sì máa jáde nínú ẹ̀." Kò pariwo. Bàbá mi kì í pariwo bí ó bá ti pinnu. Mo wo dùùrù náà, mo wo pákó abẹ́ rẹ̀ àti àwọn agolo mi, ẹ̀rù bà mí. Mo sì ń yọ̀, kí n má purọ́. Ẹ̀rù àti ayọ̀ ń jà nínú mi, n kò mọ èyí tó ń borí.

Ọgbọ́n Bọ̀dá Délé ni pé kí ọmọ Sunday School kan máa lu ìlù sí i fún mi kí eré náà má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gbàgbé pé àkókò ọdún Ìgogo ti wọlé. Ẹni tó bá dàgbà ní Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé ní àkókò náà, a kì í lu ìlù nílùú, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Agogo irin nìkan ni a máa ń gbọ́. Onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n a kì í tẹ òfin ìlú mọ́lẹ̀. Bọ̀dá Délé ti pẹ́ jù ní Èkó. Ó jókòó ní ọ̀sán gangan, ó ń fi orin náà hàn mí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan pákó abẹ́ dùùrù, gìdì, gìdì, gìdì. Kò pẹ́ tí Bàbá Adéjọ, àgbà àdúgbò wa, fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ tí kò dé fìlà ń dán, agogo rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ta ló ń lu ìlù nílé yìí?"

Bọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀. "Kò sí ìlù níbí, Bàbá. Dùùrù ni."

"Mo mọ dùùrù. Dùùrù máa ń sunkún ni. Èyí ń ta kìjí. Ṣí i, kí n rí inú ẹ̀."

Bọ̀dá Délé ṣí ìdérí òkè, ó ní kí n tẹ ìka kan. Bàbá Adéjọ bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà.

"Kí ni nǹkan kékeré tó fò sókè yẹn?"

"Òòlù ni, sà. Òun ló ń gbá wáyà kó tó dún."

"Ẹ gbọ́! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́! Òòlù ń gbá nǹkan! Kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní ìlù?"

Yèyé jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Adéjọ, awọ wà níbẹ̀?"

Bàbá Adéjọ ti ọwọ́ bọ inú dùùrù, ó ń fọwọ́ wá a bí ẹni wá ẹyin adìẹ. "Igi nìyí. Wáyà nìyí. Èyí ṣe múlọ́múlọ́... aṣọ ni."

"Awọ ni mo bi ọ́."

"N kò rí awọ, Ìyá."

"Kì í ṣe ìlù nìyẹn. Jókòó, kí wọ́n bu omi fún ọ."

Kò jókòó. Ó ń wo ẹsẹ̀ Bọ̀dá Délé. "Dùùrù lè máa ké, mo gbà. Ṣùgbọ́n pákó tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ kàn yìí, ìlù gidi ni, awọ ni kò ní. Ẹsẹ̀ ni kó sinmi. Ìwọ ọmọ yìí náà, ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, sà. Bó ṣe di pé kò sí ìlù, kò sí ẹsẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Délé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni n kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí mo wà nínú orin.

Ọjọ́ ìkórè, àwọn ọkùnrin kọ́áyà gbé dùùrù sórí ọmọlanke, wọ́n so ó mọ́ ọn bí ẹni so màlúù, wọ́n sì ń tì í lọ lójú pópó. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ti kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó jọ síwájú, àwọn ìyá jókòó láì wé gèlè, irun wọn tí wọ́n dì ń dán. Yèyé wà ní ìlà kejì. Bàbá Adéjọ wá bá ìjọ yọ̀, ó wà ní ìlà iwájú, agogo rẹ̀ lórí itan. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ọwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ìka mi ti ń jó kí n tó jókòó.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì yára jù. Mo tẹ orin náà bó ṣe wà dé òpin, ó dára, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n oníkálukú ń pa tirẹ̀. Ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Mo gbé ẹsẹ̀ láti kàn án mọ́lẹ̀, mo rántí Bàbá Adéjọ, ẹsẹ̀ náà sì dúró sókè nínú afẹ́fẹ́, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Mo fi igun ojú rí bàbá mi tó tú ọwọ́ tó ká gbera. Mo mọ̀ pé dùùrù ti ń lọ nìyẹn. Àfi kọ̀ǹ, kọ̀ǹ-kọ̀, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ-kọ̀! Bàbá Adéjọ ti rí ẹsẹ̀ mi. Ó ti gbé agogo rẹ̀ sókè, ó ń lù ú, ó le, ó mọ́, kò yára, kò falẹ̀, ó sì ń mi orí pípá rẹ̀ sí mi bí ẹni ń sọ pé, ó yá, máa bọ̀. Ọwọ́ òsì mi bá a rìn. Áà, ó dùn! Ó dà bí ìgbà tí a di ọwọ́ mi mú níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Ó wá ku ọwọ́ ọ̀tún. Mo wọ inú ohun tí mo há sórí láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Délé, mo tẹ ìdajì rẹ̀, ìyókù sì pòórá. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo Bọ̀dá Délé. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún mi, kò sí nǹkan nínú wọn. Agogo ń lọ, ọwọ́ òsì ń lọ, gbogbo ìjọ ń retí. Lójijì ni mo rántí pálọ̀ wa ní òwúrọ̀, Yèyé tó ti kúrò lórí sáàmù, tí ó ń rìn lọ sí oko, lọ sí Imeri, tí kò sì bẹ̀rù rí pé òun kò ní mọ ọ̀nà ilé. Mo ní, Olúwa, mo dé. Mo mú ìbẹ̀rẹ̀ orin náà bí ẹni mú sáàmù, mo sì yà kúrò. Mo tẹ kòkó tí ń dún ṣàà lágbàlá. Mo tẹ ọlọ́kadà tó ru iṣu, tó ń jó lọ jó bọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Mo tẹ ewúrẹ́. Mo sì dúró díẹ̀, bí Yèyé ti máa ń dúró.

"Àmín!"

Ohùn Yèyé ni. Ó jáde ketekete láti ìlà kejì. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo gbé e gba ọ̀nà mìíràn, mo fi í sókè sí i, mo tún dúró. "Àmín!" Ó ti di ti àwọn ìyá báyìí, àti ti àwọn ọmọdé. Ìka mi ń sáré, n kò mọ ibi tí mo ń lọ, mo sì mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé a fi Àmín ṣeré lọ́jọ́ yẹn. N kò rò bẹ́ẹ̀. N kò tíì gba àdúrà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ó tó àkókò, mo ṣẹ́ kọ́nà, mo sì bá ara mi lórí orin náà bó ṣe wà. Agogo sì bá mi kádìí ẹ̀, kọ̀ǹ.

Ìjọ dìde. Àlùfáà ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Bàbá mi ń bọ̀ láàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, ó ń wò mí bí ẹni wo ojú àwòrán tó jọ ènìyàn rẹ̀. Ó dé ìdí dùùrù, ó fi ọwọ́ pa ìdérí rẹ̀ dé jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin kọ́áyà.

"Ọmọlanke dà? Ẹ tètè gbé e wálé kí òjò tó dé. Ẹ rọra nídìí kòtò o!"

Bọ̀dá Délé gbé mi sókè nígbà yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lu iṣu ìkórè.

Bọ̀dá Délé ti darúgbó báyìí, ó ti padà sí Èkó, a máa ń fi orin dùùrù ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, òun láti Èkó, èmi láti Ọ̀wọ̀. Bí a bá ń rántí ọdún yẹn, ti agogo ni òun máa ń sọ. Èmi, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo máa ń rántí. Bàbá mi mi aago, a wọ́ dé pálọ̀, dùùrù ti wà lórí pákó rẹ̀. Ó ṣí ìwé àdúrà, ó wò ó, ó sì pa á dé lórí itan. A ń wo ara wa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí sáàmù Yèyé, ó rìn díẹ̀, ó sì yà kúrò, ní èdè Ọ̀wọ̀, èdè tí n kò gbọ́ kó fi gbàdúrà rí. Ó dúpẹ́ fún àbúrò rẹ̀ tó padà wálé. Ó dúpẹ́ fún ọwọ́ òsì mi. Ó dé ibì kan, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, bàbá mi tí kì í ṣìnà.

"Àmín," Yèyé sọ fún un, jẹ́jẹ́.

Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín lójú dídì, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a máa fi ka oore-ọ̀fẹ́, tíì ti tutù pátápátá, ìyá mi kò sì sọ nǹkan kan.